Ta ni kí n fún ní kọ́kọ́rọ́ wo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ará. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Àwa mẹ́fà là ń ṣe sọ́fútíwìa tí àwọn oníṣòwò ọjà Ouando fi ń ka ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù wọn.

Abẹ́ àkáǹtì èmi fúnra mi lórí GitHub, ìkànnì tí a ń tọ́jú kọ́òdù sí, ni kọ́òdù (àwọn àṣẹ tí a fi kọ sọ́fútíwìa náà) wà. Níbẹ̀, gbogbo ẹni tí mo bá pè wọlé ló lè yí kọ́òdù padà. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò fún dátábéèsì, ibi tí àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ rò pé ibi tí a ti ń dán sọ́fútíwìa wò lòun wà, ló bá pa àkọsílẹ̀ oníbàárà mẹ́ta rẹ́. A rí i kó padà láti inú ẹ̀dà tí a tọ́jú, àmọ́ àyà mi já gan-an. Mi ò bá a wí. Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí kò nílò.

Mo ti rí i pé bí a bá dá organization (àkáǹtì ẹgbẹ́) sílẹ̀ lórí GitHub, ipò márùn-ún ló wà, láti orí Read tó kàn lè wo kọ́òdù títí dé Admin tó ní gbogbo àṣẹ: Read, Triage, Write, Maintain àti Admin. Mo fẹ́ fi ọmọ náà sí Write, tó lè yí kọ́òdù padà, kí a sì dáàbò bo main (ojúlówó ẹ̀ka kọ́òdù wa), kí ohunkóhun má wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú PostgreSQL, ìyẹn dátábéèsì wa, SELECT (àṣẹ láti wo àkọsílẹ̀) nìkan ló máa ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kó wà ní Admin? Bó bá jẹ́ èmi nìkan, tí àìsàn bá dá mi dúró ńkọ́? Ẹni tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa ṣì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?