Ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ́ gẹdú ń fọn èéfín búlúù, ó sì ń jẹ ọ́ìlì: ṣé sílò ló fà á?

Ọmọ Ìwòpin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ́ gẹdú wá sí Ẹ̀pẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì kan ṣoṣo ló ní, sìlíńdà mẹ́fà, agbára ẹṣin 200 ní 1,800 rpm (iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan), tọ́bò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ̀. Tí gẹdú bá wà lẹ́yìn, 1,300 la máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Tó bá ń padà lófìfo, 900 péré ni fún wákàtí márùn-ún, nítorí ewéko tó bo ojú omi àti àwọ̀n àwọn apẹja. Lálẹ́, a tún ń fi í sílẹ̀ lórí sílò, tó kàn ń yí láìṣiṣẹ́, fún wákàtí mẹ́ta kí bátìrì lè gba iná. Ní báyìí, èéfín búlúù ló ń fọn, nǹkan dúdú tó ki bí ọ̀dà ń jáde níbi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ tọ́bò, ọ́ìlì sì ń dín ní lítà kan láàárín wákàtí mẹ́wàá. Ẹnì kan ní ká tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹlòmíì ní gẹdú ló ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ká gbọ́?

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́:
Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ṣé tẹmosítáàtì, ìyẹn ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, ṣì wà níbẹ̀? Gééjì ooru ń dé mélòó tí ẹ bá ń padà lófìfo?

Ọmọ Ìwòpin:
Wọ́n ti yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, sà. Báyìí kì í kọjá 55. A rò pé ohun tó dáa nìyẹn.

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́:
Kò dáa rárá. Ẹ́ńjìnnì yín ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù.

Gẹdú kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìpadàbọ̀ lófìfo àti sílò alẹ́ ló ń bà á jẹ́. Dísẹ́lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i, ooru afẹ́fẹ́ tí písítìnnì (irin tó ń lọ sókè-sódò nínú sìlíńdà) tẹ̀ mọ́ra ló ń mú un gbiná. Ẹni tó bá ti yan gààrí rí mọ̀ pé bí iná abẹ́ agbada bá kéré, gààrí á mú ara wọn, á di kókó, kò sì ní gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísẹ́lì nínú sìlíńdà tí kò gbóná. Díẹ̀ á jó, díẹ̀ á di èédú lójú nọ́sù tó ń fọ́n dísẹ́lì àti lára fáàfù, ìyókù á ṣàn lára sílíìfù (ògiri inú sìlíńdà) lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀.

Èkejì ni ríìngì, òrùka irin tó yí písítìnnì ká. Gáàsì tó ń jó lókè písítìnnì ló ń wọ ẹ̀yìn ríìngì tó sì ń tì í mọ́ sílíìfù. Bí iṣẹ́ kò bá wúwo, gáàsì yẹn kò lágbára, ríìngì kò ní dì í mú. Ọ́ìlì á gòkè, á yan mọ́ ara sílíìfù, á dí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi òkúta ìpọ́n họ sí i, títí sílíìfù á fi máa dán bíi dígí. Èéfín búlúù nìyẹn. Tọ́bò náà, tí kò bá yí dáadáa, ọ́ìlì ara ẹ̀ á máa jò gba ibi síìlì wọ sàlẹ́ńsà. Òun ló dà bí ọ̀dà yẹn.

Ẹ dá tẹmosítáàtì padà. Èyí tí ìwé ẹ́ńjìnnì pè ni kí ẹ rà. Ẹ so ó rọ̀ sínú omi tó ń gbóná pẹ̀lú tẹmómítà: ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nítòsí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná jù nígbà yẹn ni kí ẹ wá. Ewéko nínú asẹ́ omi ni mo fura sí jù, tàbí ìmpẹ́là rọ́bà tó ń fa omi, tí ewé ẹ̀ ti sán. Ẹ máa fọ asẹ́ kí ẹ tó gbéra àti tí ẹ bá dúró.

Atukọ̀ Mákun:
Ṣé tí wọ́n bá kàn ń fi 1,200 padà, kò ní tó?

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde:
Ó sàn ju 900 lọ, ṣùgbọ́n kò tó láti fọ inú ẹ̀. Agbára tí pùrópẹ́là (abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ nínú omi) ń gbà kì í bá ìyípo lọ ní dọ́gbadọ́gba: bí ìyípo bá dín sí ìdajì, agbára á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Lófìfo, ẹ́ńjìnnì yín ń lo bí ẹṣin 25 ní 900, bí 60 ní 1,200, bí 140 ní 1,600. Tí gẹdú bá wà lẹ́yìn, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìyípo kan náà, ìdí nìyẹn tí àlọ fi ń ṣe é láǹfààní.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin lórí 900 tàbí sílò, ẹ wá ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀, tí kò sí àwọ̀n, tí ìgbì yín kò ní dojú ọkọ̀ àwọn apẹja dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 1,200, mẹ́wàá ní 1,400, lẹ́yìn náà 1,600 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lójijì o! Ọ́ìlì tó ti kó jọ nínú sàlẹ́ńsà lè gbiná. Èéfín á kọ́kọ́ pọ̀, á sì máa dín kù. Bó bá dúdú kirikiri tí kò dín, ẹ dín tíròtù. Kí ẹ tó pa á, ẹ jẹ́ kó yí ní sílò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí tọ́bò lè tutù.

Rẹ́wáyà Ojú Omi:
Ní ti bátìrì: ọtánétọ̀ 60 àmpù, tó ń fún bátìrì níná, kò gbà ju ẹṣin díẹ̀ lọ nínú 200. Wákàtí mẹ́ta òtútù lẹ ń fi san owó iná yẹn. Ẹ fi sólà sórí òrùlé ọkọ̀, tàbí ẹ so ṣájà mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré.

Ọmọ Ìwòpin:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo la sì máa mọ̀ pé títú ló kù?

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́:
Ẹ dà á nù lónìí, kí ẹ pààrọ̀ fílítà. Ẹ má fi bó ṣe ń dín tàn ara yín jẹ, dísẹ́lì lè ti wà nínú ẹ̀. Ẹ gbóòórùn ọ̀pá gééjì ọ́ìlì, kí ẹ sì kán ẹyọ kan sórí bébà funfun: bí òrùka tó mọ́ bá tàn yí dúdú àárín ká, dísẹ́lì ni. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ pé wákàtí 250, ẹ̀yin ẹ máa pààrọ̀ ní 125 títí yóò fi gbádùn.

Lẹ́yìn ìrìn mẹ́fà sí mẹ́jọ pẹ̀lú tẹmosítáàtì àti ìtẹ̀sókè yẹn, ẹ wọn kọ́ńpíréṣọ̀n, ìyẹn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ mọ́ra tó. Bí èéfín búlúù kò bá dín, tí sìlíńdà kan sì fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ẹ tú u. Tí sílíìfù kò bá tíì jẹ kọjá ìwọ̀n, òkúta lẹ máa fi họ ìlà ẹ̀ padà, kí ẹ tó fi ríìngì tuntun sí i. Kí gẹdú wà lẹ́yìn ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní tí ẹ bá tan án. Ríìngì tuntun tí wọ́n fi sílò bẹ̀rẹ̀ kì í jókòó.