Ẹ gbà mí o: ọmọ ajá mi kò yé tọ̀ sílé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Adéwọlé ní Ìlọrin ni mò ń gbé, àwa ayálégbé mẹ́fà la jọ wà nínú àgbàlá kan. Ọmọ ajá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

Ẹnu ọ̀nà Alhaja tí yàrá wọn kángun sí tèmi ló máa ń tọ̀ sí. Láàárọ̀ àná, ó lá ẹnu búta àlùwàlá wọn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo fọ búta náà lẹ́ẹ̀méje bí wọ́n ṣe ní kí n fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì mí.

Mo máa ń gbé e jáde tó bá jí àti tó bá jẹun tán. Á kàn jókòó, á máa wò mí. Ká padà wọlé báyìí, ó ti tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì! Àwọn kan ní kí n ti imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀ náà, kí n sì nà án. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sá wọ̀, ó ń gbọ̀n. Ibẹ̀ náà ló wá ń tọ̀ sí báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ajá nílé ayálégbé, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí ni mo lè fi fọ ilẹ̀ tí òórùn ìtọ̀ náà á fi lọ pátápátá? Báwo ni kò ṣe ní máa dé ọ̀dọ̀ Alhaja mọ́, láìjẹ́ pé mo so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀?