Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tàbí V6: èwo ni kí n fi máa fa ọkọ̀ ojú omi mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ nípa ọkọ̀. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé. Mo fẹ́ máa fi jíìpù fa ọkọ̀ ojú omi fáíbà kékeré kan lọ sí Ìkòròdú, kí n gba Ìtòìkín. Orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló wà, kì í ṣe tírélà elépo o! Mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n: kílò 620, láìtíì ka epo àti àwọ̀n mọ́ ọn.

Jíìpù Toyota RAV4 2010 tòkúnbọ̀ méjì ni mo rí. Ti ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, lítà 2.5, owó rẹ̀ rọjú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fà ju kílò 680 lọ. V6, ìyẹn ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, lè fa nǹkan bíi kílò 1,580 tí wọ́n bá ti pèsè rẹ̀ fún ẹrù fífà láti ilé iṣẹ́, àmọ́ epo tó ń mu ń bà mí lẹ́rù. Mẹ́káníìkì mi ní púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ti tó. Wẹ́dà ní òun á jó ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ẹrù mọ́ bọ́ńpà. Mo kọ̀ jálẹ̀, ṣé bọ́ńpà ló ń gbé ẹrù ni?

Ẹni tó bá ti fa irú ẹrù yìí rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé púlọ́ọ̀gì mẹ́rin á gbà á láìba jíà jẹ́? Tó bá sì jẹ́ V6 ni mo rà, ṣé ìkọ́ oníhò íńṣì 1¼ tó, àbí oníńṣì 2 ni kí n wá?