Mo fi owó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé mi, ó dá a padà. Kí ni mo ṣe?

Ìyá Aránṣọ:

Ẹ kú ilé o. Ẹni tó mọ ìṣe àwọn ará Yàgbà dáadáa ni mo ń wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ránṣọ ní Mushin. Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá, àwọn ẹbí rẹ̀ sì gba ilé. Mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjì, bẹ́ẹ̀dì kan àti àpò aṣọ mẹ́ta, mo gba ọ̀nà Ìlọrin, mo gba Òmù-Àrán, mo wá sí Ẹ̀gbẹ̀. Ìyá mi ti kú tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ló kù, Àbújá ló sì ń gbé. Ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní Pólì ní Ìlaròó. Nítorí náà èmi nìkan ni. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbà, ₦60,000 lọ́dún. Òrùlé rẹ̀ kò jò, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo dé, ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ti gun ẹ̀yìn rẹ̀. Àyà mi já. Ní Mushin, tí wọ́n bá gun ọkọ̀ ẹrù rẹ báyẹn, kó o tó lè já ẹrù o máa sanwó. Àwọn yìí kó gbogbo rẹ̀ wọlé, wọ́n to bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ń lọ. Mo na ₦2,000 sí wọn, ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fi ra ọṣẹ, mọ̀mí."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé mi gbé èlùbọ́ àti igi ìdáná wá. Yóò ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, kànga ilé tí mo wà ti gbẹ, ó ní kí n máa wá fa omi nínú tòun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fà á. Láràárọ̀ ló máa ń pè mí láti ẹ̀yìn ọgbà: "Ìyá Èkó, o ti jí?"

Ojú wá ń tì mí. Mo ti ṣiṣẹ́ jẹun látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó gba nǹkan. Mo fi ₦5,000 sínú àpòòwé, mo rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí i. Mi ò tíì ran ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó wà lọ́wọ́ mi tán tí ọmọ náà fi gbé e padà. Kò jíṣẹ́ kankan.

Ọjọ́ kẹrin nìyí. Mo kí i láti ojúde, ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò pè mí láàárọ̀ mọ́. Ìtìjú kò sì jẹ́ kí n lọ sí ìdí kànga rẹ̀. Omi kẹ́ẹ̀gì ni mo ń rà báyìí. Kí ni mo ṣe gan-an? Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?

(Ẹ tún bá mi sọ ìgbà tí wọ́n ń kí "Okun". Mo ní "ẹ káàárọ̀", wọ́n ní "okun o". Mo ṣubú lójú ọ̀nà, wọ́n tún ní "okun o".)

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ L'Ọ́fà:

Okun o, mọ̀mí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ rí i, ìgbà gbogbo là ń kí i: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tó ṣubú. Òun náà ló fà á tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa, Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ní ará Okun.

Owó kò burú. Tí ẹ bá fún un lọ́jọ́ tó ń ṣòkú, á gbà á, á sì ṣàdúrà fún yín. Àmọ́ ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ fi owó sínú àpòòwé, ẹ rán ọmọ, nítorí omi àti èlùbọ́! Ẹ ń san gbèsè nìyẹn lójú ìyá àgbà, ẹni tó bá sì san gbèsè tán, ó ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ni. Ìyá tó bí mi, tí wọ́n bá dá abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ padà lófìfo lẹ́yìn oṣù kan, kì í sọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá fi nǹkan sínú rẹ̀ dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á ní, "Kí ló ń lé wọn?"

Àáró ni kí ẹ fi wò ó. Bàbá mi àti àwọn mẹ́fà kan jọ ń ṣe é: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́jọ́ mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń mú owó lọ síbẹ̀, ọkọ́ ni wọ́n ń gbé dání. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọkọ́ tiyín. Ẹ wá ọ̀nà tó máa fi dé oko rẹ̀.

Atìpó Kàbà:

Ọ̀rọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bù omi tútù sí i díẹ̀. Láti Kánò ni mo ti wá sí tòsí Kàbà lọ́dún 2019, èmi nìkan. Lóòótọ́ ni wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó ṣaájú gbogbo wọn nínú oore ló fi ilẹ̀ hàn mí. Ó ń jẹun nílé mi, mo ń jẹun nílé rẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni, kì í ṣe òun ni olórí ẹbí, ₦150,000 mi sì wọmi. Ẹ gba omi, ẹ gba èlùbọ́. Tó bá di ti ilẹ̀, kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ ẹbí wà níbẹ̀, kí ẹlẹ́rìí tiyín náà wà níbẹ̀, kí ìwé wà. Mo mọ̀ pé ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti Èkó wá ló máa ń fẹ́ ra ilẹ̀.

Ìkejì: ta ló sọ fún yín pé inú ló ń bí i? Arúgbó ni. Ṣé ẹ ti wọlé lọ wò ó?

Nọ́ọ̀sì Àná:

Àbúrò mi, mo fẹ̀yìn tì n'Ílọrin, mo sì wá dá gbé ní Ìsánlú. Ọdún kọkànlá rèé. Ohun tó ń dùn ọ́ dùn mí rí.

Má bẹ̀rù pé àjèjì ni ọ́. Ẹ̀gbẹ̀ ti mọ àjèjì tipẹ́. Láti 1908 tí Titcombe, òyìnbó míṣọ́nnárì àjọ SIM, ti dé síbẹ̀ ni ẹni tí kò gbọ́ èdè ti ń wá, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ. Títí di òní, ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ń kó dókítà, aláìsàn àti ẹbí aláìsàn wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n mọ bí a ṣe ń gba ẹni tó gbé àpò dé.

Ìwọ ni o kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà ọ́. Má gbé ẹ̀bùn kankan lọ. Lọ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín, iyọ̀ ni mo wí. Kó o tọrọ, kó o jókòó, kó o má ṣe tètè dìde. Èmi, odó ni mo lọ yá. Mo sì ní odó nílé o!

Wọ ẹgbẹ́ èsúsú àwọn obìnrin, kódà kó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan lo máa dá. Owó kọ́ ni wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Lọ́jọ́ tí o kò bá yọjú, ẹnì kan á wá kan ìlẹ̀kùn rẹ.

Ìyá Aránṣọ:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Atìpó Kàbà, Ọlọ́run á dá owó yín padà fún yín.

Mo lọ lánàá. Mo ní, "Màmá, iyọ̀ mi ló tán." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Iyọ̀ tán? Ìwọ tó lówó nínú àpòòwé?" Ìtìjú bò mí, ni ẹ̀rín bá pa èmi àti òun pọ̀. Mo jókòó. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wú, kò sì lè rìn dé ẹ̀yìn ọgbà láti ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ń ro ẹjọ́ nínú yàrá, òun ń jẹ̀rora nínú tiẹ̀. Àmọ́ ó bínú sí owó náà o, ó sọ ọ́ fún mi lójú. Ó ní omi kànga òun kì í ṣe ti títà.

Mo fa omi fún àwa méjèèjì. Láàárọ̀ òní, a gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí a padà délé, ó gbé bùbá kan tó ya lábíyá jáde. Kò béèrè iye, èmi náà kò dá a.

Ó ku ìbéèrè kan. Àwọn obìnrin àdúgbò ń lọ bá ẹnì kan ṣòkú ní Odò-Ẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ìyá sì ní kí n ṣojú òun. Mi ò ní aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Ṣé kí n kàn wọ ìró àti bùbá mi lọ, tàbí kí n lọ béèrè irú èyí tí wọ́n ń wọ̀?