Owó cloud ń jẹ èrè iléeṣẹ́ wa ní Àkúrẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alágbàkà_Tẹkí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iléeṣẹ́ kékeré kan ni wá ní Àkúrẹ́. Àwa la ṣe áàpù tí àwọn iléèwé girama kan fi ń gba owó iléèwé, tí wọ́n sì fi ń gbé èsì ìdánwò jáde. A ní oníbàárà láti Oǹdó títí dé Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́. Náírà ni wọ́n ń san fún wa, lẹ́ẹ̀kan ní táàmù. Dọ́là ni àwa fi ń san owó sáfà, lóṣooṣù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù náà, tí a yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì (òun ni wọ́n ń pè ní cloud). Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní bánkì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọjá 1,500. Ohun tí à ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n lẹ́yìn owó oṣù òṣìṣẹ́, owó sáfà yìí ló kàn báyìí nínú ìnáwó wa.

AWS, cloud ti Amazon, la wà, ní Cape Town ní South Africa: EC2 (sáfà fúnra rẹ̀), RDS (ibi tí AWS ti ń bá wa bójú tó dátábéèsì), S3 (ibi ìkó fáìlì sí), àti NAT Gateway (ẹnu ọ̀nà tí sáfà ń gbà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì) kan tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé iléeṣẹ́ náà. Ọ̀gá wa ní ká kó gbogbo ẹrù lọ síbi tó dínwó. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí kó là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá_Sáfà

Àbúrò mi, ẹ má tíì kó lọ síbì kankan. Ohun tó ń jẹ owó yín níbí, tẹ́ ẹ bá kó láìmọ̀ ọ́n, ẹ ó kó o dání lọ ni. Ṣí Cost Explorer, ibi tí AWS ti ń fi ìnáwó yín hàn. Má wo orúkọ EC2 àti S3 nìkan, sọ fún un kó tò ó ní "Usage type" (irú ìlò). Ibẹ̀ ni wàá ti rí i pé ohun tí wọ́n pè ní "EC2-Other" kì í ṣe sáfà rárá. Dísìkì wà níbẹ̀, snapshot (ẹ̀dà dísìkì tí a pa mọ́) wà níbẹ̀, NAT náà wà níbẹ̀.

NAT Gateway yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ní ibùdó AWS ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, sẹ́ǹtì 4.5 ni wákàtí kan. Ìyẹn á tó dọ́là 32 lóṣù kí ohunkóhun tó gba inú rẹ̀ kọjá, GB kọ̀ọ̀kan tó bá sì kọjá tún jẹ sẹ́ǹtì 4.5 mìíràn. Cape Town wọ́n ju Virginia lọ. Tí sáfà yín bá wà ní private subnet (apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà), tó ń gbé fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ àti PDF èsì lọ sí S3, tẹ́ ẹ kò sì ṣe Gateway Endpoint (ọ̀nà tààrà tí kò gba NAT) fún S3, NAT ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, ẹ sì ń sanwó lé e. Ọ̀fẹ́ ni endpoint yẹn! Ìlà díẹ̀ ni nínú Terraform, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò cloud sílẹ̀ bíi kóòdù. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí iléeṣẹ́ tó ń dá òṣìṣẹ́ dúró nítorí owó, tí èyí sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i wò.

Ẹ ka iye àdírẹ́sì IPv4 yín pẹ̀lú, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni AWS ti ń gba ìdajì sẹ́ǹtì ní wákàtí kan lórí èyíkéyìí tó bá jẹ́ ti gbangba, ìbáà ṣiṣẹ́, ìbáà má ṣiṣẹ́.

Arábìnrin_SouthGate

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kí n fi tèmi kún un: sáfà tẹ́ ẹ fi ń dán kóòdù wò. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168. Bí ẹ bá ń tàn án láago méje àárọ̀, tẹ́ ẹ ń pa á láago méje alẹ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, wákàtí 60 lẹ máa san. Bí iná tó ń tàn nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí ni ìyókù rí. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i pé EC2 tí a pa kò jẹ owó mọ́, dísìkì EBS rẹ̀ ló ṣì ń jẹ owó. RDS ní tirẹ̀ máa ń tan ara rẹ̀ padà lẹ́yìn ọjọ́ méje, nítorí náà ẹ ṣètò kí nǹkan kan máa pa á lálaalẹ́.

Dísìkì tó bá ṣì jẹ́ gp2, irú ti àtijọ́, ẹ yí i sí gp3, irú ti tuntun. Ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dínwó, ẹ ò sì ní láti pa sáfà kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ wo log (àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe) inú CloudWatch, irinṣẹ́ tí AWS fi ń ṣọ́ sáfà, náà. Tẹ́ ẹ kò bá fún un ní gbèdéke, títí ayé ni yóò máa tọ́jú wọn.

Ọmọ_Èkìmọ̀gún

Mo yà díẹ̀ kúrò lọ́nà ẹ̀gbọ́n wa. Áàpù kan àti PostgreSQL (dátábéèsì) kan, kí lẹ̀ ń fi gbogbo ọjà tí AWS ń tà ṣe? Ní Hetzner, iléeṣẹ́ tó ń yáni ní sáfà ní Jámánì, sáfà cloud tẹ́ ẹ bá gbà ní Yúróòpù ń bá dátà 20 TB (nǹkan bí 20,000 GB) rìn lóṣù kan. Lọ́dọ̀ AWS, lẹ́yìn 100 GB àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sẹ́ǹtì 9 ni GB kan tó bá jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Virginia. Tí àwọn òbí bá ń ṣí èsì lọ́jọ́ kan náà, owó ńlá ni.

Bàbá_Sáfà

Òótọ́ lo sọ nípa iye owó. Àmọ́ ta ni yóò máa ṣe backup (ẹ̀dà ìpamọ́) PostgreSQL yẹn, tí yóò sì máa dán an wò bóyá ó ṣeé dá padà? Bí ẹni náà bá wà, tí àkókò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lọ. Bí kò bá sí, iṣẹ́ tí RDS ń bá yín ṣe ni owó yẹn. Èsì ọmọ ọlọ́mọ sì ni, Òfin Ààbò Dátà ti 2023 kàn yín. Cape Town náà kì í ṣe Nàìjíríà, ẹ ti ń gbé dátà jáde nílùú tẹ́lẹ̀, ẹ rí i pé ìwé yín pé. Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé kí n kọ́kọ́ kó sáfà ìdánwò lọ, kí n fi táàmù kan wò ó.

Aṣírò

Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ ra Savings Plans, níbi tí ẹ ti ń ṣèlérí ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò kí AWS lè dínwó, pé ó lè dínwó tó 72%. Ẹ ṣọ́ra. Àdéhùn dọ́là ni, ti ọdún kan tàbí mẹ́ta, náírà sì ni iléèwé ń san. Iṣẹ́ yín náà kì í dọ́gba: nígbà ìsinmi gígùn ẹnikẹ́ni kì í wọlé, ọ̀sẹ̀ tí èsì bá jáde gbogbo ayé ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń lò nínú oṣù kẹjọ nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣe àdéhùn, ọdún kan, láìsan nǹkan kan ṣáájú. Ẹ parí ìgbálẹ̀ tí àwọn tó ṣáájú mi sọ kẹ́ ẹ tó rà á, kẹ́ ẹ má baà fi àdéhùn de ara yín mọ́ ohun tẹ́ ò nílò.

Tí iléeṣẹ́ yín kò bá tíì gba owó olùdókòwò, ẹ wo AWS Activate, ètò tí AWS fi ń ran iléeṣẹ́ tuntun lọ́wọ́. Credit (owó tí wọ́n ń yọ kúrò nínú gbèsè AWS yín) tó tó $1,000 wà níbẹ̀ fún irú yín, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tó máa kú.

Alágbàkà_Tẹkí

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti ṣí i wò: NAT ló ṣáájú, backup alaalẹ́ wa ló ń gba inú rẹ̀ lọ sí S3. A ti gbé endpoint sí i. Mo tún bá snapshot àwọn sáfà tí a kò lò mọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: báwo lẹ ṣe ń bu owó yìí lé iléèwé lórí láìlé wọn lọ?

Arábìnrin_SouthGate

Iye akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ń ṣe é. Mo máa ń pín owó sáfà ọdún kan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí áàpù, mo sì máa ń fi han ọ̀gá iléèwé pé èyí ni owó ọmọ kan. Ó máa ń kéré lójú wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Mo sì máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé tí dọ́là bá fi iye kan pàtó kọjá èyí tí a fi ṣírò, a ó tún un ṣe ní táàmù tó ń bọ̀, pé tó bá sì wálẹ̀, owó wọn náà á wálẹ̀. Apá kejì yẹn ni wọ́n fi ń gbà.

Aṣírò

Gbé ìwé yẹn fún wọn kí oṣù kẹsàn-án tó dé o. Inú ìsinmi gígùn ni wọ́n ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì.