Orí tó ń fọ́ ìyá mi: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ kú àdúrótì. Mo kọ̀wé pé láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ní Ẹfọ̀n-Aláayè, orí ń fọ́ màmá mi láràárọ̀, mo sì ní èéfín ààrò ni. Ẹni tó ní kí n wo yàrá wọn, ẹ ṣeun gan-an. Àdògán ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, fèrèsé wà ní títì, wọ́n tún fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ògúnná pupa yòò, kò rú èéfín kankan. Ẹ̀rù bà mí! Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń tú jáde lára èédú tó ń jó, kò lóòórùn, ó sì ń pa ènìyàn sójú oorun.

A ti gbé àdògán náà síta. Kúbùsù méjì ni wọ́n ń dà bora báyìí. Orí ò fọ́ wọn mọ́.