Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo ní: ṣé kí n dúró sí Kyoto ni, àbí kí n lọ wo aró Tokushima?

Ọmọ Aláró:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ aṣọ ni mò ń kọ́ ní yunifásítì níbí ní England, ọdún kejì ni mo wà. Wọ́n ń kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Japan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóṣù keje. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Kyoto ni gbogbo wa máa wà: a máa wo àwọn ahunṣọ ní Nishijin, a sì máa kọ́ yuzen díẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ yíya àwòrán aláwọ̀ sára aṣọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kálukú ló máa yan ibi tó wù ú, kó sì kọ ìwé lé e lórí. Ibi mẹ́ta ni olùkọ́ wa dárúkọ: Kyoto náà, Arimatsu ní Nagoya, níbi tí wọ́n ti ń di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, àti Tokushima tí wọ́n ti ń ṣe aró.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ìyá tó bí wọn náà ṣe é. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní, "Ṣé aró tán nílé ni?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Owó iṣẹ́ alẹ́ ni mo tù jọ, n kò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n yàn?

Bọ̀dá Láníyì:
Òótọ́ ni màmá ẹ sọ. A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ fọwọ́. Kó owó yẹn wálé, kí o jókòó ti ìyá ẹ.

Tinúkẹ́ Leeds:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ilé-ìwé ló ń kó wọn lọ. Máàkì wà nínú rẹ̀.

Àǹtí Bísí:
Mo lo ọdún méjì ní Kyoto, mo sì ti dé ibi méjì yòókù. Kyoto, ọ̀sẹ̀ méjì tó. Yuzen tí ẹ máa kọ́ yẹn, tí o bá rí i, ara kò ní ṣàjèjì: lẹ́ẹ̀ ìrẹsì ni wọ́n fi ń dí ojú aṣọ kí àwọ̀ má bàa wọ ibẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ìrẹsì ló gba ipò láfún.

Arimatsu dùn ún wò. Láti 1608 ni abúlé yẹn ti wà lójú ọ̀nà Tōkaidō àtijọ́, arìnrìn-àjò ni wọ́n ń ta aṣọ aláró fún. Oríṣi dídì tí wọ́n mọ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ìyá kan lè di ẹyọ oríṣi kan ṣoṣo láti kékeré títí dọjọ́ ogbó. Ẹnì kan á ya iṣẹ́ sára aṣọ, aṣọ á lọ sílé ẹni tó ń dì í, ibẹ̀ ló ti máa gba ọ̀dọ̀ aláró, ẹlòmíì ló máa tú okùn. Àmọ́ kí ni wọ́n fẹ́ fi han ọmọ Ìtòkú nípa àdìrẹ oníko àti alábẹ́rẹ́? Àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà lo fẹ́ kọ. Ọjà pọ́ọ́kú bá àwọn náà jà: nígbà tó yá, Korea ni wọ́n ń kó aṣọ lọ dì, lẹ́yìn náà China, torí owó iṣẹ́.

Tokushima ni tèmi. Ewé tiwọn kì í ṣe èlú o, ewéko kúkúrú ni, bí ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn ín lẹ́bàá odò Yoshino. Ìgbà ooru ni wọ́n ń gé e, wọ́n á sá a. Tó bá di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì nínú ilé tí wọ́n ń pè ní nedoko, ìyẹn ibùsùn. Wọ́n á máa bu omi lé e, wọ́n á máa yí i, fún bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Inú òkìtì yẹn lè gbóná tó 70°C, òórùn rẹ̀ á máa ta ni lójú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Tí òtútù bá dé, wọ́n á fi ẹní koríko bò ó bí ẹni bo ọmọ. Ohun tó máa kù ni sukumo, òun ni wọ́n ń rẹ sínú omi eérú. Ìfófòó tó bá léfòó lójú ìkòkò, òdòdó ni wọ́n ń pè é.

Ibi tó máa dùn ọ́ rèé: lóṣù keje, o kò ní bá òkìtì. Ewé lóko àti gígé rẹ̀ lo máa bá, wàá sì ti ọwọ́ bọ aró. Ní Aizumi, ilé oníṣòwò aró kan láyé àtijọ́ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Ai no Yakata. Má fò ó.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Aláró ni èmi náà, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Láníyì, ìkòkò aró wo ló wà nílé? Nígbà tí mo wà lọ́mọge, èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá ni ìyá mi ń rà, àwa ọmọ là ń sẹ́ omi eérú. Lónìí, kọ́sítíìkì àti aró inú ike ni. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, òun ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé.

Bá mi bi wọ́n: eérú igi wo ni? Tí aró bá kọ̀ tí kò mú aṣọ mọ́, kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Ìyá mi á ní Ìyá Màpó ló ń bínú. Ẹ̀kẹta, tí ọjà kò bá yá, ta ló ń sanwó fún àgbẹ̀ tó gbin ewé?

Àǹtí Bísí:
Ẹ kú àgbà mà. Eérú igi líle ni, wọ́n sì máa ń fi ẹfun, èèrí àlìkámà àti sake, ọtí ìrẹsì wọn, bọ́ aró náà kó má bàa sùn. Ẹ̀kẹta yẹn, òun gan-an ni kó lọ kọ.

Akin:
Ìwé ìrìnnà wo lo ń lò? Tó bá jẹ́ ti Britain, o lè lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, o gbọ́dọ̀ gba físà, má jẹ́ kó pẹ́. Mo fi ṣeré nígbà tèmi, àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, èmi ń wo fọ́tò. Má sì ra páàsì rélùwéè ọlọ́jọ́ méje yẹn, láti oṣù kẹwàá 2023 ló ti di 50,000 yen. Bọ́ọ̀sì ń lọ tààrà láti Kyoto sí Tokushima, bíi wákàtí mẹ́ta.

Bọ̀dá Láníyì:
Ìyá Ìbejì, mo dọ̀bálẹ̀ mà. Bísí, ṣé àbúrò mi tó ti gboyè nílé lè rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀?

Àǹtí Bísí:
Ó lè rí i sà, tí kò bá tíì pé ọdún 35. MEXT, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Japan, ni kó béèrè fún ní ẹ́ńbásì Japan ní Abuja. Owó ọkọ̀ òfurufú, owó ilé-ìwé àti owó oṣooṣù wà nínú rẹ̀. Ìdánwò wà níbẹ̀ o.

Ọmọ Aláró:
Tokushima ni o! Ti Nàìjíríà ni ìwé ìrìnnà mi, lọ́la ni màá bẹ̀rẹ̀ físà. Mo fi ìbéèrè Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ sí màmá mi, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n fi ìkẹrin kún un: ṣé wọ́n lè fún mi ní irúgbìn?

Àǹtí Bísí:
Irúgbìn kẹ̀! Láìsí ìwé àyẹ̀wò ewéko, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ ní pápákọ̀ òfurufú. Bàtà tó yá bọ́ lẹ́sẹ̀ ni kí o kó, torí ẹnu ọ̀nà ni bàtà ń sùn níbẹ̀, àti aṣọ tí o kò ní sunkún lé lórí tí aró bá ta sí i.